Eugene Houdry: Ọkùnrin tó ṣe kátálíìsì tí wọ́n ń gé lábẹ́ ọkọ̀

Ìbídò wà lára àwọn ìlú mẹ́tàlá tó para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872. Lónìí, bíi ti gbogbo àdúgbò tó súnmọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, iṣẹ́ ọkọ̀ kò wọ́n níbẹ̀. Bí èèyàn bá dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ọkọ̀ tókùnbọ̀ tí wọ́n fi jáàkì gbé sókè, tí wẹ́dà sì ti tan iná sílẹ̀. Agolo irin kan tó wà lára páìpù sàlẹ́ńsà ni wọ́n fẹ́ gé. Kátálíìsì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é.

Wọ́n lè sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé nǹkan yẹn ló ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Wọ́n sì lè sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, pé ọkọ̀ ò nílò ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò kì í gbọ́ ni pé àwọn kan wà tó ń ra kátálíìsì yìí lówó gidi, torí irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti kúrò nílùú. Ọkọ̀ á jáde, á máa pariwo, èéfín á sì máa tú sójú àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì.

Ọkùnrin tí wọ́n ń kà sí bàbá kátálíìsì ọkọ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ eré ìje ju oúnjẹ lọ. Ó ti tún ọkọ̀ ṣe níbi tí ìbọn ti ń dún. Ó ti fi ọgbọ́n rẹ̀ yí bí gbogbo ayé ṣe ń fọ epo bẹntiróòlù padà. Síbẹ̀, ó kú kó tó rí i kí wọ́n fi iṣẹ́ tó ṣe gbẹ̀yìn sábẹ́ ọkọ̀ àwọn èèyàn. Eugene Houdry ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ oníṣẹ́ irin

Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1892 ni wọ́n bí Eugene Jules Houdry ní Domont, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Paris, lórílẹ̀-èdè Faransé. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin tí wọ́n fi ń kọ́ ilé, kò sì sí iyèméjì nípa ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ náà. Inú ariwo òòlù àti ooru iná ni ọmọ náà dàgbà sí.

Bàbá rẹ̀ rán an lọ sí Arts et Métiers ní Paris, ilé ẹ̀kọ́ tó lórúkọ fún ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tó jáde ní 1911, òun ló ṣe ipò kìíní, ìjọba Faransé sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Kì í ṣe ìwé nìkan ló mọ̀: òun náà ni kápútéènì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà, ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta péré ló lò kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Wọ́n kọ́kọ́ fi Houdry sídìí àwọn ìbọn ńlá, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ogun onírin. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1917, ní Juvincourt, àwọn ọmọ ogun Faransé lo ọkọ̀ ogun onírin fún ìgbà àkọ́kọ́. Nǹkan ò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Àwọn kan rì sínú kòtò, àwọn mìíràn gbiná níbi tí wọ́n dúró sí. Houdry fara gbọgbẹ́ gidi lọ́jọ́ náà, àmọ́ wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ akọni torí pé ó kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n ń tún ọkọ̀ tó bàjẹ́ ṣe lójú ogun bí ọ̀tá ṣe ń rọ̀jò ìbọn lé wọn lórí.

Mẹkáníìkì tó bá ti gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ rí lójú òjò yóò lóye irú ọkàn tí iṣẹ́ yẹn gbà.

Ọkọ̀ eré ìje àti epo tí kò dáa

Ogun parí, Houdry padà sídìí irin. Ní 1922, ó fẹ́ Geneviève Quilleret, wọ́n sì bí ọmọkùnrin méjì. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí irin ilé kíkọ́. Ọkọ̀ eré ìje ló kù tó ń rò. Ó rin ìrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà, ó wo bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ pọ̀ nílé iṣẹ́ Ford ní Detroit, ó sì lọ wo eré ìje ńlá tí wọ́n ń sá ní Indianapolis.

Ibẹ̀ ló ti hàn sí i kedere pé ẹ́ńjìnnì ti ń sáré ju epo lọ. Bí wọ́n bá ṣe ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i, tó ń tẹ epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an kó tó ta iná sí i, epo ìgbà yẹn kì í dúró de iná. Á bú gbàmù kó tó àkókò, ẹ́ńjìnnì á sì máa dún kọ́kọ́kọ́ bí ẹni ń fi òòlù lu irin.

Ní Amẹ́ríkà, Thomas Midgley àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ General Motors wá ojútùú kan sí i ní 1921. Wọ́n po òjé mọ́ epo. Díẹ̀ báyìí ti tó, ariwo ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. Kò ná wọn lówó púpọ̀, gbogbo ayé sì tẹ́wọ́ gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti mọ òjé sí májèlé látayébáyé. Ẹ fi òjé yìí sọ́kàn, torí a máa padà sórí ẹ̀.

Houdry ní tiẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ohun tó ń wá ni epo tó dáa láti ìpilẹ̀, èyí tí kò ní nílò àbùlà.

Nígbà yẹn, ilẹ̀ Faransé ò ní epo rọ̀bì tó pọ̀. Èédú ilẹ̀ ló ní, ìyẹn irú èédú pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí ooru rẹ̀ kò tó ti Enúgu. Ní 1922, Houdry gbọ́ nípa apoògùn kan ní ìlú Nice tó ń sọ pé òun lè fi kẹ́míkà kan sọ èédú yìí di epo bẹntiróòlù. Ó lọ bá a, ó kó owó àti ọ̀rẹ́ jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tó lè lo 60 tọ́ọ̀nù èédú lóòjọ́. Ní 1929, wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Epo jáde lóòótọ́, àmọ́ owó tí wọ́n ń ná lé e lórí ti pọ̀ jù. Ìjọba yọwọ́, ilé iṣẹ́ sì kógbá sílé.

Ẹlòmíràn ì bá padà sídìí irin bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Houdry ti rí nǹkan kan kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Alárenà tó ń tún epo ṣe

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fọ epo. Bí wọ́n ṣe ń pọn ògógóró náà ni: wọ́n á se epo rọ̀bì, ohun tó fúyẹ́ á kọ́kọ́ di ooru, wọ́n á gbà á lọ́tọ̀, á di bẹntiróòlù. Kẹrosíìnì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dísù, títí tó fi máa ku epo dúdú tó ki bí ọ̀dà nísàlẹ̀. Epo dúdú yìí pọ̀, àwọn èèyàn ò sì nílò rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe nílò bẹntiróòlù. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ni kí wọ́n kàn koná mọ́ ọn gidi, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bẹntiróòlù tó ń tibẹ̀ jáde kì í pọ̀, kì í sì í dáa tó.

Ní 1927, lẹ́yìn tí Houdry ti dán oríṣiríṣi nǹkan wò láìníye, ó rí i pé irú amọ̀ kan wà, tí bí epo wúwo bá gba orí rẹ̀ kọjá nínú ooru, yóò fọ́ sí bẹntiróòlù tó dáa. Amọ̀ náà kì í di epo, kì í sì í tán. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kátálíìsì nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ ti alárenà nílẹ̀ wa. Alárenà ló ń mú ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin mọra wọn. Bí ìyàwó bá ti mọ ojú ọkọ, alárenà á yẹ̀ba, á lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọlé ọkọ.

Ìṣòro ńlá kan ṣoṣo ló kù. Bí amọ̀ náà bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èédú dúdú á bò ó lára, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gbìyànjú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ibẹ̀ ló ti sú wọn. Houdry ò ju amọ̀ nù. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó jó èédú náà kúrò lára rẹ̀, amọ̀ sì mọ́ bíi tuntun. Ó tún lo ooru tó jáde níbẹ̀ fún ìyókù iṣẹ́. Ó to àwọn àgbá ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí ọ̀kan ṣe ń fọ epo, wọ́n ń jó ìdọ̀tí kúrò nínú èkejì, iṣẹ́ ò sì dúró.

Ẹ̀kọ́ yìí ló lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí nǹkan bá dí, ẹ wádìí ohun tó dí i, kí ẹ mú un kúrò.

Wọ́n pè é sí Amẹ́ríkà

Àwọn elépo ilẹ̀ Faransé ò kọbi ara sí i tó bó ṣe fẹ́. Ní 1930, ilé iṣẹ́ Vacuum Oil ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ pè é. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ dání, ó lọ sí Paulsboro ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní 1931, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Houdry Process Corporation sílẹ̀. Àkókò náà le, torí ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dẹnu kọlẹ̀, owó sì wọ́n. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ Sun Oil dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1933 ni ara tó tù wọ́n díẹ̀.

Ní 1936, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń ṣòwò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Paulsboro, ó ń fọ 2,000 àgbá epo lóòjọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, èyí tó tóbi jù ú lọ fíìfíì bẹ̀rẹ̀ ní Marcus Hook ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Nǹkan bí ìdajì ohun tó ń jáde níbẹ̀ ló jẹ́ bẹntiróòlù tó dáa gidi, nígbà tó jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọ̀nà àtijọ́ ń mú wá.

Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti tún ọ̀nà Houdry ṣe, wọ́n sọ amọ̀ náà di lẹ́búlẹ́bú tó ń ṣàn bí omi. Ìpìlẹ̀ kan náà ni. Ilé ìfọpo Warri àti ti Kàdúná ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ti Dangote ní Lekki náà sì ní in. Bí ọkọ̀ ajàgbé bá ń gbé epo kúrò ní ibùdó epo Mọ́símì ní Ṣágámù, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọwọ́ Houdry wà nínú epo náà.

Ìlú ẹ̀ kọ̀ ọ́

Ní 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ Faransé. Ìjọba tuntun bọ́ sípò ní Vichy, ó ń bá Jámánì ṣe. Amẹ́ríkà ni Houdry wà, ó sì rọrùn fún un láti panu mọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣolórí ẹgbẹ́ France Forever, tó ń ṣàtìlẹ́yìn fún Ọ̀gágun de Gaulle. Ní 1941, ìjọba Vichy gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fara gbọgbẹ́ nítorí ilẹ̀ baba rẹ̀ wá di ẹni tí kò nílùú. Ní oṣù kìíní ọdún 1942, ó di ọmọ Amẹ́ríkà.

Epo rẹ̀ ló ń jà fún un. Àwọn ọkọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà nílò bẹntiróòlù tó lágbára jù èyí tí ọ̀tá ní lọ, ẹ̀rọ Houdry sì wà lára ohun tó mú kí irú epo bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó. Nígbà tí Japan gba àwọn oko rọ́bà ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà, Houdry tún wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà rí ohun èlò fún rọ́bà àtọwọ́dá láti ara gáàsì.

Èéfín

Ogun parí, àwọn ará Amẹ́ríkà ń ra ọkọ̀ bí ẹni ń ra ẹ̀pà. Ní Los Angeles, ìkùukùu aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ń bo ìlú lọ́sàn-án gangan, ojú ń ta àwọn èèyàn, ọ̀fun ń hó wọn. Ní nǹkan bí 1950 sí 1952, onímọ̀ kan tí wọ́n bí ní Netherlands, Arie Haagen-Smit, fi hàn pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ epo ló ń bá ìtànṣán oòrùn ṣiṣẹ́ tó fi ń di májèlé yẹn.

Houdry ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ó ti lówó, ó ti lórúkọ. Ẹni tó mú kí bẹntiróòlù pọ̀ yanturu láyé wá jókòó, ó ń ro ibi tí bẹntiróòlù náà ń gbà jáde. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń pọ̀ sí i, ó sì ń kọ ọ́ lóminú pé èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní 1950, ó dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀, ó pè é ní Oxy-Catalyst.

Alárenà yẹn náà ló tún ké sí. Ẹ́ńjìnnì kì í jó gbogbo epo tán. Díẹ̀ lára rẹ̀ ń gba sàlẹ́ńsà jáde láìjó, pẹ̀lú gáàsì olóró kan tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn. Gáàsì yìí náà ló ń pa ìdílé tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá sùn. Houdry ṣe agolo kan sẹ́nu ọ̀nà èéfín, ó to tánńganran sínú rẹ̀, ó sì fi irin pílátínọ́ọ̀mù kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Bí èéfín gbígbóná bá gba ibẹ̀ kọjá, àjókù epo àti gáàsì olóró náà á parí jíjó wọn, wọ́n á di oruku omi àti irú afẹ́fẹ́ tí àwa náà ń mí síta. Ní 1956, Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀, nọ́ńbà 2,742,437.

Nǹkan náà ṣiṣẹ́. Wọ́n lò ó fún ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ọkọ̀ ojú títì, òjé tí Midgley pò mọ́ epo ló sì dènà rẹ̀. Bí òjé bá ti bá èéfín jáde, á lẹ̀ mọ́ pílátínọ́ọ̀mù náà, á bò ó, alárenà ò ní lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Èédú tó bo amọ̀ níjọ́sí, Houdry jó o kúrò. Òjé ò ṣeé jó kúrò. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá a, àfi kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú epo, èyí kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ 18 oṣù keje ọdún 1962, Eugene Houdry kú ní Upper Darby, Pennsylvania, lẹ́ni àádọ́rin ọdún.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 1970, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó le lórí èéfín ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onílé iṣẹ́ ọkọ̀ ló yíjú sí kátálíìsì. Ní 1974, wọ́n pàṣẹ kí àwọn ilé epo ní bẹntiróòlù tí kò ní òjé. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ẹnu táǹkì àwọn ọkọ̀ tuntun ní kékeré kí ẹnu pọ́ǹpù epo olójé má bàa lè wọ̀ ọ́. Láti ọkọ̀ ọdún 1975, kátálíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tuntun níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn náà kó lè mú irú gáàsì olóró kẹta. Ní 1990, wọ́n fi orúkọ Houdry sáàárín àwọn olùdásílẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà.

Àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà náà ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ hóòsì ló sì kún orí wọn. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ń tú wọn dànù. Nítorí náà, ẹni tó bá ra ọkọ̀ àtijọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn lónìí lè bá ohun tó kù sílẹ̀, kò sì ní mọ èyí tó wúlò. Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975 ò sábà ní wàhálà yìí. Àwọn ti Amẹ́ríkà ló ni ín.

Kí èèyàn tó mú sípánà, kó kọ́kọ́ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ìgbà náà ní ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, tó ya bí hóòsì kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ. Kó ya fọ́tò rẹ̀, kó sì lẹ orúkọ mọ́ gbogbo hóòsì kó tó tú u.

Fáàfù kékeré tó wà lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì, tí hóòsì rẹ̀ lọ sí kabúrétọ̀, ló ń fa ooru epo ẹ́ńjìnnì kúrò. Bí wọ́n bá mì ín, ó yẹ kó máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Bí kò bá dún, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má yọ èyí dànù o, torí bí ooru náà ò bá ríbi gbà, á máa ti ọ́ìlì jáde lójú síìlì.

Agolo dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí hóòsì rẹ̀ wá láti táǹkì, èédú ló wà nínú rẹ̀. Ó ń gba ooru bẹntiróòlù mọ́ra kó má tú síta. Ẹni tó bá yọ ọ́ láìṣètò fún hóòsì rẹ̀ yóò máa gbóòórùn epo nínú ọkọ̀, iná kò sì jìnnà sí i. Òun náà, kó dúró.

Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, tí páìpù rẹ̀ wọ ẹnu sàlẹ́ńsà níbi ẹ́ńjìnnì, ni èyí tí wọ́n sábà máa ń yọ lára ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi bóòtì tó bá a mu dí ojú ihò páìpù kọ̀ọ̀kan, kó sì wá bẹ́líìtì tó gùn dé ìwọ̀n. Kó kó ohun tó tú sínú páálí, torí ọkọ̀ àtijọ́ tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pé níyì lọ́wọ́ ẹni tó mọyì rẹ̀.

Fáàfù pẹlẹbẹ tó dà bí olú, tó ń dá díẹ̀ lára èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, máa ń dí pẹ̀lú èédú. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ọkọ̀ bá dúró. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ ni, torí bí wọ́n bá kàn dí i pa láìtún tíná ẹ́ńjìnnì tò, ẹ́ńjìnnì lè padà sídìí kọ́kọ́kọ́ tí Houdry sá fún.

Ó wá ku kátálíìsì fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó lè dí. Ọkọ̀ á wúwo lórí òkè, abẹ́ rẹ̀ á máa gbóná kọjá ààlà, bí wọ́n bá sì gbá a, wọ́n lè gbọ́ àfọ́kù nínú rẹ̀. Àmọ́ kátálíìsì kì í ṣàdédé dí. Pọ́lọ́ọ̀gì tí kò ta iná ni, tàbí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, tàbí epo tó ń wọlé jù. Bí wọn ò bá tún ìyẹn ṣe, gígé kátálíìsì kò mú àìsàn náà kúrò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lára ọkọ̀ tuntun tó ní sẹ́ńsọ̀, iná orí páńẹ́lì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, onímọ́tò á sì padà wá náwó lé e.

Òjé ti lọ

Ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n fẹnu kò láti yọ òjé kúrò nínú bẹntiróòlù. Nígbà tí 2006 fi máa wọlé, Nàìjíríà àtàwọn yòókù ti ṣe é. Ní 2021, Àlùjẹ́ríà ló dá a dúró gbẹ̀yìn, epo ọkọ̀ olójé sì tán láyé. Àwọn ará Ògìjò, tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù kan náà, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí òjé ń ṣe fún ọmọdé, nítorí ọ̀rọ̀ yíyọ́ bátìrì àtijọ́ ládùúgbò wọn.

Nàìjíríà náà ní ìlànà lórí èéfín ọkọ̀ láti 2011, àjọ NESREA ló sì wà nídìí rẹ̀. Òfin wà nílẹ̀, epo náà ti mọ́ kúrò lọ́wọ́ òjé. Ohun tó ṣẹ́gun Houdry nígbà ayé rẹ̀ ò sí mọ́. Iná wẹ́dà ló kù.

Ìyá tó ń ta búrẹ́dì létí títì kò ní ọkọ̀, àmọ́ òun ló ń mí èéfín tó ń jáde láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ náà ń mí i. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá sọ pé kátálíìsì ló fa wàhálà ọkọ̀, kí onímọ́tò ní kó yẹ pọ́lọ́ọ̀gì, ọ́ìlì àti epo wò ná. Bí ó bá sì wá di dandan kí wọ́n gé e, kó béèrè iye tí wọ́n fẹ́ tà á, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kí wẹ́dà tó tan iná.